Ìlẹ̀kùn Ibodè Tó Wà Nílé Wa

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé wọn kì í jẹ́ kí n dá títì Ọjà'ba sọdá, mo gbàgbọ́ pé ilé wa ló ń ti ìlú Ìbàdàn pa lálẹ́, tó sì ń ṣí i láàárọ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ohun tí wọ́n kọ́ wa nìyẹn, àgbà ló sì kọ́ wa. Ní Bẹ́yẹrúnkà tí wọ́n bí mi sí, Ilé Oníbodè ni wọ́n ń pe agboolé wa. Wọ́n ní láyé ogun, nígbà tí odi amọ̀ yí ìlú ká, tí yàrà jíjìn sì yí odi náà ká, baba ńlá wa ló jókòó ti ọ̀kan nínú àwọn ibodè. Kò sí ẹni tó wọlé tàbí tó jáde tí kò gba iwájú rẹ̀. Nígbà tí ogun tán, tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ odi, tí wọ́n sì tú ibodè náà ká, baba ńlá wa ní ìlẹ̀kùn tó ti gbà wá lọ́wọ́ ọ̀tá kò gbọdọ̀ di igi ìdáná. Apá méjì ni ìlẹ̀kùn ọ̀hún ní. A kò mọ ẹni tó gbé apá kan. Èkejì ni wọ́n rù wá sílé, tí wọ́n gbé sínú yàrá kan ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí wọ́n sì ti yàrá náà pa.

N kò lè búra pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Mo ti jáde yunifásítì báyìí, ohun tí mo sì rò pé ó wúlò jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ mi níbẹ̀ ni kí ènìyàn máa ya ohun tó gbọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó rí. Ohun tí mo gbọ́ ni mo sọ tán yìí. Ó tilẹ̀ ní ibi tó kọ mí lóminú: àárín ìlú ni Bẹ́yẹrúnkà wà, kò sí létí odi. Mo bi bàbá mi léèrè nígbà kan. Wọ́n ní ibi iṣẹ́ oníbodè ló wà létí odi, ilé rẹ̀ lè wà níbikíbi. Ìyẹn ṣeé gbà. Ohun tí mo fojú ara mi rí ni yàrá náà: ìlẹ̀kùn kékeré tí wọ́n kùn ní ọ̀dà aláwọ̀ ewé, àgádágodo ńlá tó ti dípẹtà, àti iwájú rẹ̀ tó máa ń mọ́ ju gbogbo ibi yòókù nínú ilé lọ.

Ìyá àgbà mi ló ń gbá a. Bí wọ́n bá ti kírun Àsùbá tán, wọ́n á mú ìgbálẹ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà àgbàlá, wọ́n á máa gbá a bọ̀ títí wọ́n á fi dé ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n á ti gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á tẹ eékún díẹ̀, wọ́n á ní, "Ẹ kú ìṣọ́ o, ìlẹ̀kùn tó kọ ogun. Ẹ bá wa ṣọ́ ilé." Bàbá àgbà ti lọ sí Mẹ́kà, wọn kì í sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe ohun tí à ń ṣe yẹn ní ìbọ̀rìṣà. Bí àlejò bá wò wá lójú tí kò dáa, wọ́n á tètè dá a lóhùn: "A kì í bọ ọ́. À ń kí i ni. Ṣé ẹ kì í kí àgbà nílé tiyín ni?"

Gbogbo ìyàwó tí wọ́n gbé wọ agboolé wa, iwájú yàrá yẹn ni wọ́n ti fọ ẹsẹ̀ wọn, kì í ṣe ẹnu ìloro bíi ti ilé ẹlòmíràn. Bí nǹkan bá sì sọnù láàárín àwọn obìnrin ilé, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń lọ. Ẹni tí wọ́n fura sí á dúró níwájú ìlẹ̀kùn, á gbé ọwọ́ lé e, á sọ pé òun kò rí i. Ó parí. Ẹnìkan kò tún gbọdọ̀ dárúkọ ọ̀ràn náà mọ́. Mo ti rí i tí ìjà ńlá parí bẹ́ẹ̀, mo sì rò pé ọgbọ́n ni.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti Aǹtí fún yín, nítorí bí ẹ kò bá mọ ọ̀ràn Aǹtí, ẹ kò ní mọ ohun tó dùn wá.

Ìyàwó àbúrò bàbá mi ni Aǹtí. Ọmọ onígbàgbọ́ ni wọ́n, ìjọ Onítẹ̀bọmi, bàbá wọn sì jẹ́ tíṣà àti olórí ẹgbẹ́ akọrin. Wọ́n fẹ́ ọkọ wọ ilé Mùsùlùmí, kò sì sẹ́ni tó bá wọn fa ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Aǹtí ló ń di irun mi. Ọwọ́ wọn rọ̀. Ènìyàn lè sùn lọ láàárín itan wọn. Nígbà tó di ọjọ́ kan, yẹtí wúrà ìyá àgbà, èyí tí bàbá àgbà rà bọ̀ láti Mẹ́kà, kò sí níbi tí wọ́n fi sí mọ́. Aǹtí ni wọ́n rí gbẹ̀yìn nínú yàrá ìyá àgbà, wọ́n lọ gbá ilẹ̀ níbẹ̀.

"Kò le," ìyá àgbà ní. "Bọ́ síwájú ìlẹ̀kùn, kí o sọ pé o ò rí i."

"Ìyá, mi ò rí i."

"Mo gbọ́. Lọ sọ ọ́ níwájú ìlẹ̀kùn."

"Mi ò rí i, ìyá, mi ò sì ní búra. Bàbá mi ní bí mo bá ti sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́, bẹ́ẹ̀ kọ́ náà nìyẹn. Wọn ò fi ìbúra tọ́ wa."

Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé pàtẹ́wọ́. "Háà! Ẹni tí kò jẹ gbì, ṣé ó lè kú gbì ni? Kí ló ń bà ọ́ lẹ́rù?"

Aǹtí wọ yàrá wọn lọ. Ojú gbogbo ilé yí padà sí wọn láti ọjọ́ náà. Àwọn ará ilé ò bá wọn jà. Ohun tó burú ju ìjà lọ ni wọ́n ṣe. Bí Aǹtí bá wọ ilé ìdáná, ọ̀rọ̀ á dákẹ́. Bí wọ́n bá kọjá, ẹnìkan á fa àpò rẹ̀ mọ́ra. Kò pẹ́ tí Aǹtí fi di ẹrù wọn. Ọkọ wọn dúró lẹ́nu ìloro, ó ń wo ilẹ̀, kò sọ pé kí wọ́n má lọ. Èmi ni mo sunkún, wọ́n sì ní kí n dákẹ́, pé olè ló lọ. A gbọ́ lẹ́yìn náà pé Aǹtí ti gba ṣọ́ọ̀bù ní Mọ́lété, wọ́n ń di irun. Mọ́lété kò jìnnà sí Bẹ́yẹrúnkà. Kò sẹ́ni tó lọ.

Nísinsìnyí, Tíṣà Íńdíà. Telọ ni bàbá mi, iwájú ilé ni wọ́n gbé ẹ̀rọ ìránṣọ wọn sí, lábẹ́ páànù. Ọkùnrin ará Íńdíà kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò nílé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní ẹ̀gbẹ́ Mọ́lété wà lára àwọn oníbàárà wọn. Ó ti pẹ́ ní Ìbàdàn kí wọ́n tó bí mi. Tíṣà ní bàbá mi nìkan ló mọ̀ pé kò yẹ kí ṣòkòtò arúgbó fún un nídìí. Tíṣà gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ẹ̀rù àrífín ń bà wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń sọ "ẹ" fún gbogbo ohun abẹ̀mí. Wọ́n á sọ fún àgbò ilé wa pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò lórí bàtà mi." Àwa ọmọdé á ti ṣubú lulẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín.

Bí Tíṣà bá ti jókòó lórí bẹ́ńṣì tí wọ́n ń dúró de ṣòkòtò, bàbá àgbà á gbé àga wọn jáde. Ìtàn ìlú ni àwọn méjèèjì fi ń bára wọn du ipò. Láti ibi tí a jókòó sí, a lè rí gbọ̀ngàn Mápó lórí òkè, pẹ̀lú òpó rẹ̀ ràgàjì-ràgàjì. Tíṣà ní òkè náà ló jẹ́ kí àwọn lè gbé Ìbàdàn, pé ó jọ ìlú àwọn ní gúúsù Íńdíà: òkè òkúta, odi lórí òkúta, ilé rẹrẹ nísàlẹ̀.

"Òkúta ni odi tiwa, Bàbá. Yàrà yí i ká, omi kún inú ẹ̀."

"Omi?" bàbá àgbà ní. "Kí la fẹ́ fi omi ṣe? Ẹni tó bá já sínú yàrà Ìbàdàn, òùngbẹ ò ní gbẹ ẹ́ mọ́. Òkúta yẹn náà, ẹni tí kò ní akin ló ń wá òkúta kiri. Ènìyàn la fi mọ odi tiwa."

"Ọ̀rọ̀ yẹn dáa gan-an, Bàbá. Ṣùgbọ́n odi ọ̀hún dà?"

Bàbá mi gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín títí. Bàbá àgbà náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i pé ó ta wọ́n lára, nítorí wọ́n na ọwọ́ sí ẹ̀yìn wọn, sínú ilé. "Òjò ló jẹ odi. Ìlẹ̀kùn rẹ̀ ńkọ́? Ìlẹ̀kùn wà nínú ilé mi níbí."

Tíṣà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n dìde. Wọ́n wo ilé wa bí ẹni pé wọn kò rí i rí. Wọ́n ní ní ìlú àwọn, ìdílé tí baba wọn bá ṣọ́ ibodè, ènìyàn kì í wọ bàtà wọ ilé wọn.

Ọjọ́ mìíràn ni wọ́n wá sọ ìtàn tẹ́ńpìlì kan tó wà nínú odi ìlú wọn fún wa, n kò sì tíì gbàgbé rẹ̀. Wọ́n ní ọba kan ló mọ odi, ó sì kọ́ tẹ́ńpìlì sínú rẹ̀, pẹ̀lú òkúta tí wọ́n gbẹ́ wẹ́wẹ́ bí ìgbà tí ènìyàn ń di irun. Ogun dé. Kí àwọn ọmọ ogun tó wọlé, àwọn tó ń tọ́jú tẹ́ńpìlì gbé òrìṣà wọn sá lọ sí abúlé kan. Láti ìgbà náà, ọba kan á lọ, òmíràn á dé. Àwọn ọba Mùsùlùmí jẹ níbẹ̀, wọ́n kọ́ mọ́sáláṣí sínú odi kan náà.

Bàbá àgbà gbé orí sókè. "Mọ́sáláṣí náà ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀ dòní, Bàbá."

"Alihamudulilahi. Ẹ máa bá a lọ."

Òyìnbó ló wá gba ìlú lọ́wọ́ wọn. Wọ́n kó ìbọn àti ẹ̀tù sínú tẹ́ńpìlì, sọ́jà ń sùn síbi tí wọ́n ti ń gbàdúrà tẹ́lẹ̀. Òyìnbó náà lọ. Tẹ́ńpìlì wá ṣófo ní tòótọ́: kò sí ìbọn, kò sí òrìṣà. Ìran lẹ́yìn ìran ló fi wà bẹ́ẹ̀. Tíṣà ní nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé, ìyá àwọn á mú àwọn dé etí yàrà, á na ìka sí ilé tó ṣófo náà, á ní, "Ilé nìyẹn. Onílé wà ní abúlé lọ́hùn-ún." Gbogbo ọmọ ìlú ló mọ abúlé ọ̀hún. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí Tíṣà ti di géńdé, àwọn ará ìlú gbé lọ́rì lọ síbẹ̀, wọ́n fi tápólì bo òrìṣà náà, wọ́n sì gbé onílé padà sílé.

"Ẹ̀yin fúnra yín rí i?" bàbá mi bi wọ́n.

"Mo rí lọ́rì. Mi ò rí ohun tó wà lábẹ́ tápólì. Èrò pọ̀ jù."

Mo fẹ́ràn èsì yẹn nígbà náà, mo sì tún fẹ́ràn rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ báyìí.

Láti ọjọ́ tí bàbá àgbà ti dárúkọ ìlẹ̀kùn ni Tíṣà ti ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn kí i. Kì í ṣe pé wọ́n ń dán bàbá àgbà wò, ọ̀wọ̀ ni. Bàbá àgbà a máa yẹ̀ ẹ́. Lónìí, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mọ̀lẹ́bí kan ní Ìwó. Lọ́la, oṣù Àwẹ̀ ni. Nígbà tó yá, òjò ni, ilẹ̀ ti rin. Mo rí kọ́kọ́rọ́ náà nínú àpò dàńṣíkí wọn nígbà tí wọ́n ń wá tàsúbáà wọn, okùn aṣọ funfun ni wọ́n so mọ́ ọn. Mo rò pé àṣírí ìdílé ni, pé kò yẹ kí àjèjì rí ìlẹ̀kùn. Mo tilẹ̀ ń fi bàbá àgbà yangàn nínú ọkàn mi.

Tíṣà wá sọ fún wa pé iṣẹ́ tán, àwọn ń padà sílé pátápátá. Ní ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn, wọ́n wá dágbére. Wọ́n mú àgbọn kan tí wọ́n rà ní Ọjà'ba lọ́wọ́, àti òdòdó ofeefee tí wọ́n já lára ọgbà ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n bọ́ bàtà wọn sí ẹnu ìloro. Bàbá àgbà ń wo bàtà náà. Wọ́n ní, "Ẹ ṣeun, Tíṣà, ṣùgbọ́n ọmọ tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀..."

Ìyá àgbà ló jáde sí i. Iró tuntun ni wọ́n ró. "Baálé mi, ọmọ wo? Kọ́kọ́rọ́ wà lápò yín. Àlejò tó fẹ́ kí ìlẹ̀kùn wa kó tó la òkun kọjá, ẹ̀ ń dá a padà lẹ́nu ọ̀nà? Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yìí, mò ń kí i, n ò tíì fojú kàn án. Èmi náà fẹ́ rí i kí n tó kú."

"Màmá, ẹ fi sílẹ̀," bàbá mi ní.

"N ò fi sílẹ̀. Ṣé kí n ní kí wọ́n fi òòlù fọ́ àgádágodo ni?"

Gbogbo ilé ti pé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàbá àgbà fa kọ́kọ́rọ́ yọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn kò gbé e dé ibi àgádágodo. Wọ́n nà án sí bàbá mi. "Ìwọ ṣí i."

Àgádágodo náà ṣòro díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ṣí. Bàbá mi ti ìlẹ̀kùn kékeré náà sẹ́yìn. Ìmọ́lẹ̀ wọlé.

Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ògiri mẹ́rin, eruku, àti agolo ọ̀dà kan ní kọ̀rọ̀, ọ̀dà aláwọ̀ ewé gbẹ sí ẹnu rẹ̀. N kò gbàgbé agolo yẹn. Ọ̀dà tí wọ́n fi kun ìlẹ̀kùn yàrá nígbà tí bàbá àgbà ń ti Mẹ́kà bọ̀ ni. Ọmọdé ni mí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé agolo kò lè gba abẹ́ ìlẹ̀kùn wọlé. Ẹnìkan ti wọ inú yàrá yẹn, ó sì mọ̀.

Rédíò aládùúgbò ń polówó oògùn akọ ibà. Ìyàwó ilé tó pàtẹ́wọ́ fún Aǹtí ní ọjọ́sí ló kọ́kọ́ fọhùn, ó ní, "Ikán ni. Ikán ló jẹ ẹ́." Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fọwọ́ kan ilẹ̀. Kò sí ipa ikán. Kò tilẹ̀ sí èérún igi kankan.

Tíṣà dúró pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán, òdòdó wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n rọra béèrè pé, "Bàbá, ibo ni wọ́n gbé e lọ?"

"Bí mo ṣe bá a nìyẹn," bàbá àgbà ní. Ohùn wọn kò ròkè. "Bàbá mi fún mi ní kọ́kọ́rọ́, wọ́n ní n kò gbọdọ̀ ṣí i. Mo ṣí i. Mo sì tì í padà."

"Ta ló wá mọ ibi tó wà?"

Ìbéèrè náà kò le. Tíṣà kò fi gún ẹnikẹ́ni lára. Wọ́n fẹ́ mọ̀ ni, nítorí ní ìlú tiwọn, ohun tí ènìyàn kọ́kọ́ ń béèrè nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo rí ojú àwọn àgbà ilé wa bí wọ́n ṣe ń bọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìtìjú sì mú mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi fẹ́ kí Tíṣà máa lọ kíákíá. Kì í ṣe òfìfo ló tì mí lójú. Tẹ́ńpìlì tiwọn pàápàá ṣófo, ó sì ṣófo pẹ́ ju tiwa lọ. Wọ́n sọ fún gbogbo ọmọ pé ó ṣófo, wọ́n sì sọ ibi tí onílé wà, nítorí náà ni ẹnìkan ṣe lè gbé lọ́rì lọ. Tiwa, a fi àgádágodo sí i lẹ́nu. Àwọn baba wa jogún kọ́kọ́rọ́, wọn kò jogún ìtàn. Bóyá wọ́n tà á ni, bóyá wọ́n dáná sun ún, bóyá oníwàásù kan ló ní kí wọ́n gbé e sọnù, bóyá kò tilẹ̀ sí ìlẹ̀kùn kankan láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó lè sọ ọ́ ti kú, ó sì kú pẹ̀lú ẹnu pípadé.

Ìyá àgbà wọ inú yàrá náà. Wọ́n yí ká, wọ́n ń wo ògiri bí ẹni tó ń wá ẹni tí òun ti ń kí láti ọjọ́ yìí. Nígbà tí wọ́n jáde, bàbá àgbà kọ́ ni wọ́n wò.

"Kí ni mo wá ní kí ọmọ yẹn búra fún?"

Tíṣà gbé àgbọn àti òdòdó náà fún ìyá àgbà ní ọwọ́ méjèèjì, wọ́n wọ bàtà wọn lẹ́nu ìloro, wọ́n sì lọ. A kò rí wọn mọ́. Lẹ́yìn tí wọ́n lọ tán, àwọn ọkùnrin ilé fohùn ṣọ̀kan pé ọ̀rọ̀ yìí kò gbọdọ̀ jáde. Bí ẹnìkan bá béèrè, kí a sọ pé wọ́n ti gbé ìlẹ̀kùn pamọ́ síbi tó láàbò.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbọ́ ìgbálẹ̀ ìyá àgbà. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà àgbàlá, ó ń bọ̀, ó sì dúró ní ìdajì ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà tí mo jáde, mo rí ibi tí ilẹ̀ mímọ́ parí sí, kedere bí ìgbà tí ènìyàn fa ìlà. Ìyá àgbà ti wé gèlè.

"Wọ bàtà ẹ," wọ́n ní fún mi. "Mọ́lété là ń lọ. Ìlẹ̀kùn, a ò mọ ibi tó wà. Ọmọ yẹn, a mọ ibi tó wà."

Ṣọ́ọ̀bù Aǹtí kò tóbi. Ẹnìkan jókòó tí wọ́n ń di irun fún. Kí Aǹtí tó lè kí wa, ìyá àgbà ti wà lórí eékún wọn méjèèjì, lórí sìmẹ́ǹtì, láàárín irun tí wọ́n gé sílẹ̀. Aǹtí ju ìyarun nù, wọ́n dì wọ́n mú.

"Ìyá, ẹ dìde! Ẹ fẹ́ pa mí ni? Ẹ jọ̀ọ́, àwọn ènìyàn ń wò wá."

"Kí wọ́n máa wò. Wọ́n wò ọ́ náà nígbà tí ò ń lọ. Yàrá òfìfo ni mo ní kí o lọ búra fún. A ṣí i lánàá. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

Aǹtí bi ìyá àgbà pé, "Ẹ rí yẹtí yín?"

"N ò rí i."

"Ẹ wá mọ̀ báyìí pé èmi kọ́?"

Mo rò pé ìyá àgbà á sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tó yẹ kí ẹni tó wá bẹ̀bẹ̀ sọ nìyẹn. Wọ́n ronú sí i. "N ò lè parọ́ fún ọ lórí eékún. N ò mọ ẹni tó mú un. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo fi ohun tí kò sí dẹ́rù bà ọ́."

"Kò bà mí lẹ́rù, ìyá," Aǹtí ní. "Ó dùn mí ni."

Oníbàárà Aǹtí ń wo ògiri. Nígbà tó yá, Aǹtí gbé àga fún ìyá àgbà, wọ́n fà mí mọ́ra, wọ́n yí orí mi sọ́tùn-ún sósì. "Ta ló di irun ọmọ yìí báyìí? Bí ẹni pé wọ́n ń bá a jà." Wọ́n tú u. Wọ́n dì í ní ṣùkú. N kò sùn lọ ní ọjọ́ náà. Mo ń wo ọwọ́ ìyá àgbà lórí itan wọn.

Aǹtí kò padà sí ilé wa. Kò yẹ kí wọ́n padà, mo rò. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá àgbà kú, wọ́n wá. Wọ́n gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá níwájú yàrá yẹn, wọn kò yíjú sí i. Yẹtí náà, a kò rí i títí dòní. N kò ní ẹ̀rí pé Aǹtí kọ́ ló mú un. Kò sí ẹ̀rí kankan náà pé àwọn ni, a sì ti lé wọn lọ.

Láìpẹ́ yìí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan tí wọ́n ń kọ ìtàn àwọn agboolé àtijọ́ dé ilé wa. Àbúrò bàbá mi, ọkọ Aǹtí ìgbà yẹn, ló gbà wọ́n lálejò. Ó ròyìn ibodè fún wọn, ó ní ìlẹ̀kùn náà ṣì wà lọ́wọ́ wa. Ọmọbìnrin kan nínú wọn béèrè pé, "Ibo ló wà, sà?" Ó rẹ́rìn-ín. "Ó wà níbi tó wà." Àwọn àgbà tó kù rẹ́rìn-ín tẹ̀ lé e. Èmi ń wo ilẹ̀, bí mo ṣe wo ilẹ̀ ní ọjọ́ Tíṣà. Nígbà tí mo sin àwọn àlejò jáde, mo sọ fún ọmọbìnrin náà pé a kò mọ ibi tó wà, pé yàrá náà ṣófo nígbà tí a ṣí i. Ó bi mí bóyá òun lè kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní kí ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Ayé ti kúrò níbi tí a bá a, ẹ̀yin náà ń rí i. Wọ́n ti lu ẹ̀yìn yàrá yẹn síta, ó ti di ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe, kámẹ́rà sì wà lókè tó ń ṣọ́ ẹni tó wọlé. Kò sẹ́ni tó ń fọ ẹsẹ̀ ìyàwó níbẹ̀ mọ́. N kò sọ pé ayé tòní sàn ju tàná lọ, n kò sì sọ pé tàná ló sàn jù. N kò tíì rí ohun tí mo lè fi wọ̀n ọ́n. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ní ilé wa, kọ́kọ́rọ́ ni àwọn baba ń fi lé ọmọ lọ́wọ́, wọ́n á sì ní kí ó má ṣí i. Èmi kò ní kọ́kọ́rọ́ tí n óò fi lé ọmọ tèmi lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ yìí ni mo ní.